Mo fa omi bohóòlù tó ń rùn dànù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà

Àǹtí, ẹ kú làásìgbò. Ẹ ní bohóòlù yín n'Íbàdàn ti ń rùn, pé sókawéè aládùúgbò ò jìnnà sí i, pé tẹ́ ẹ bá fa omi náà dànù fún ọjọ́ mélòó kan, ṣé á mọ́. Mo ti ṣe é rí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni jẹnẹrétọ̀ fi ń bú lẹ́yìnkùlé mi, tí omi ń ya lọ sí gọ́tà, tí owó epo ń jó lápò mi. Lọ́jọ́ kẹta, omi mọ́ gaara, ìyàwó mi fi sebẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, òórùn náà padà bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Mo tún fà á. Ó tún padà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ, tó pe ara ẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn, ní ká gbẹ́ ẹ jìn sí i. Mo sanwó o! Àpáta tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún ò sán rárá, kò sí omi tuntun níbẹ̀, ó sì palẹ̀ irinṣẹ́ ẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó kẹ́kọ̀ọ́ ohun tó yẹ kó ti sọ fún mi. Ilẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó, àpáta ni. Pàlàpálá ibi tó sán ni omi ń gbà. Tí ọ̀kan bá fẹ̀ tó ìlọ́po méjì èkejì, omi tó ń gba inú ẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí fi lè tètè bá yín, kí kànga tó sún mọ́ sókawéè jù tiyín lọ má rùn rárá.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ pàlàpálá yẹn, àpáta ti rà, ó ní ihò wínníwínní. Ẹ rántí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi epo sí fún ọdún: ẹ fọ̀ ọ́ títí, tẹ́ ẹ bá bu omi sí i lọ́la, epo á tún sun jáde. Ohun tó yọ́ sínú omi ti rìn wọ inú àwọn ihò yẹn díẹ̀díẹ̀. Pàlàpálá nìkan lẹ máa fi pọ́ǹpù fọ̀. Bí omi tó mọ́ bá ti dúró síbẹ̀, tinú ihò á tún máa jáde.

Ẹ gbé omi lọ sí láàbù, kí wọ́n wo náítíréètì, èròjà tí ìdọ̀tí sókawéè máa ń fi sínú omi. Tó bá ju 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, ẹ má fi po mílíìkì ọmọ ọwọ́. Sísè kì í lé e, ńṣe ló ń mú un ki sí i. Ẹ má sì gbé dùrọ́ọ̀mù dísù sẹ́bàá kànga o. Tó bá dà sílẹ̀, ó ṣòro láti fọ̀ kúrò nínú àpáta ju ìdọ̀tí sókawéè lọ.

Sókawéè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kódà kó dìjà. Aládùúgbò mi ti tún tiẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọdún kẹta rèé, náítíréètì ń lọ sílẹ̀, àmọ́ kò tíì wálẹ̀ dé 50. Mọ́tò ni mo ṣì ń fi omi náà fọ̀.