Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Fíìmù Ogun, Fíìmù Ẹ̀rín àti Fíìmù Tí Kò Pariwo

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama wo Jagun Jagun, House of Ga'a àti Lisabi lórí Netflix, ó sì ń bá mi jiyàn pé Ògúndìjì jẹ́ jagunjagun gidi ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí. Èwo ni òótọ́ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí, èwo ni ó sì dára jù? (Òǹkàwé yín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Èsì: Ẹ sọ fún un pé Ògúndìjì kò sí nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Àròsọ ni Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní ọdún 2023, kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí fíìmù tí akọni inú rẹ̀ ń bá igi sọ̀rọ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé àlọ́ ni òun ń pa. Lójú tèmi, ó pa àlọ́ náà dáadáa, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí ní ọdún 2024, yàtọ̀ sí èyí, nítorí Baṣọ̀run Gáà gbé ayé, ó sì ṣe ohun tí a fi ń pa á lówe títí di òní. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé ọba kan ń tẹ̀ lé èkejì lọ sọ́run láti ọwọ́ Gáà, àti pé Aláàfin Awọ́nbíojú kò lò ju 130 ọjọ́ lórí ìtẹ́ lọ, nítorí tí ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí í ṣe ìjòyè rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọba kan ṣoṣo yìí ti tó fíìmù odindi! Nígbà tí a bá wá kó ìtàn gbogbo wọn, títí dé orí Abíọ́dún tó borí Gáà, sínú nǹkan bíi wákàtí méjì, ikú wọn á máa ṣáré kọjá kí àánú wọn tó ṣe wá. Fẹ́mi Branch tó ṣe Gáà gbìyànjú púpọ̀, ojú rẹ̀ nìkan tó láti dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n òṣèré kò lè fi ojú dí àlàfo tí ìtàn fi sílẹ̀.

Ní ti Lisabi, tí Níyì Akínmọláyàn darí ní ọdún kan náà, tí Lateef Adédiméjì sì ṣe Lísàbí, ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn Ẹ̀gbá gan-an kì í ṣe oògùn. Àgbẹ̀ ni Lísàbí. Inú àárò, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn ro oko, ni ó ti kó àwọn ènìyàn jọ láìjẹ́ kí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, ìyẹn àwọn aṣojú Aláàfin, fura, títí tí wọ́n fi dìde sí àwọn ìlàrí náà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fa ìran oko àti ìsọ̀rọ̀-kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gùn ju ìjà lọ.

Ẹ̀sùn kan sì wà tí mo fi kan ọ̀pọ̀ fíìmù ìtàn wa: ó dà bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa kò lè ní kí ọmọdé bu omi wá láìkọ́kọ́ pa òwe mẹ́ta.

Ìbéèrè: Mo wo Everybody Loves Jenifa ní Dùgbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, n kò rí ìtàn kan rò fún ìyàwó mi. Kí ló dé tí fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé fi ń pa owó tó bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé yín ní Bódìjà)

Èsì: Ẹ ti rẹ́rìn-ín, nítorí náà owó tíkẹ́ẹ̀tì yín kò ṣòfò. Oṣù Kejìlá ni ó máa ń gbé fíìmù rẹ̀ jáde, nígbà tí ẹbí ń wá ibi tí wọn yóò jọ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń polówó rẹ̀ tọkàntọkàn. A Tribe Called Judah, tó jáde ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní gbọ̀ngàn sinimá, ti Jẹ́nífà, tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, sì tún kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Judah kí ẹ rí ìyàtọ̀: ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún, àìsàn kíndìnrín dé, owó kò sí, àwọn ọmọ sì pinnu láti jalè. Inú àìní ni ẹ̀rín ibẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀rín ti Jẹ́nífà gbára lé obìnrin kan tí a ti mọ̀ láti ọdún 2008, ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan púpọ̀ mú níbẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò tíì wọ sinimá láti ayé Ògúndé. Fíìmù wo ni kí n mú wọn lọ wò? (Òǹkàwé yín ní Àpáta)

Èsì: My Father's Shadow, tí Akínọlá Davies darí, ní gbọ̀ngàn èyíkéyìí tí ẹ bá ti rí i. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú ètò gan-an ti àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2025. Bàbá kan mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wọ Èkó fún ọjọ́ kan péré ní Oṣù Kẹfà ọdún 1993, nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ fagi lé ìdìbò June 12. Ẹ má retí àjẹ́ tàbí ìjà. Bàbá kan ń wá owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó bí àjèjì tí wọ́n fẹ́ràn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gidi ni àwọn ọmọ méjèèjì, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà. Bí wọ́n bá gbádùn rẹ̀, kí ẹ tún bá wọn wá Breath of Life ti ọdún 2023, tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn wa níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ mú wọn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn June 12 tiwọn tán nínú ọkọ̀, nítorí bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, àwọn tó jókòó sẹ́yìn yóò máa pòṣé.