Ilé Wà ní Mówé, Iṣẹ́ Wà ní Ìkòyí: Ṣé Kí A Kó Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé ní Bàrígà. Ọmọ ọdún méje ni àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò. Mò ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Ìkòyí, ₦85,000 sì ni owó oṣù mi. Wẹ́dà ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé. Onílé wa ti sọ owó ilé di ₦700,000 lọ́dún, ó sì ní ti ọdún méjì lòun yóò gbà pọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Mówé bá wa rí irú ilé kan náà ní ₦300,000. ₦1,200 ni mò ń ná sọ́kọ̀ lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Láti Mówé, wọ́n ní yóò tó ₦3,000. Ọkọ mi ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni kí a ṣe?
— Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Bàrígà

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ọkàn yín tí kò balẹ̀ kò ṣẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò ó. Bí ẹ bá ń lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, ₦26,400 ni owó ọkọ̀ yín láti Bàrígà. Láti Mówé, yóò di ₦66,000, ìyẹn ni pé ₦19,000 péré ni yóò ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ra gààrì. Àfikún owó ọkọ̀ náà yóò jẹ́ ₦475,200 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ₦400,000 ni ẹ óò dín kù lórí owó ilé, a kò sì tíì ka ti bàbá àwọn ọmọ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀nà jíjìn ti di owó ilé kejì, tí a ń san fún awakọ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ ọkọ yín ló ká mi lára jù. Ẹni tí ìdè géètì rẹ̀ já lálẹ́ kì í wá wẹ́dà tó ń sùn sí Mówé, ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Bàrígà, tí wọ́n ń júwe rẹ̀ fún ara wọn, ni okòwò rẹ̀ gan-an, kò sì sí ọkọ̀ akẹ́rù tó lè bá a kó wọn. Ní ti ẹ̀yin náà, ibi tí ẹ ń gbé lè ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ka ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná ní Ọbáléndé: wọ́n ń wá alásè, wọ́n sì fi gègé fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ń gbé nítòsí nìkan ni kó pè. Agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí tírélà bá ṣubú lójú ọ̀nà Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ tó ń ti Mówé bọ̀ kò ní í tètè dé.

Èkó ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1990, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé Ìkòyí àti Victoria Island ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ilé àti ọ̀nà àtijẹ ni wọ́n pàdánù pọ̀.

Ẹ ro ti àwọn ọmọ náà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994, ìjọba ṣẹ́ ìbò láàárín àwọn ìdílé tálákà ní ìlú ńlá márùn-ún, ó sì ran àwọn tí ìbò mú lọ́wọ́ láti kó lọ sí àdúgbò tó sàn ju tiwọn lọ. Owó tó ń wọlé fún àwọn òbí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 nígbà tí wọ́n kó lọ dàgbà di ẹni tó ń gba owó tó fi nǹkan bí 31 nínú 100 ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ìbò kò mú lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá máa kó, ẹ wo ilé ìwé tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin bí ẹ bá ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti onílé, òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò fún un láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, wọn kì í gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó bá ènìyàn parí aáwọ̀.

Bí kíkó bá wá di dandan, ẹ wá ilé tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin láti ibẹ̀, ní Ìjú tàbí Agbádó. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, kò sì sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí irin. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àsìkò tó ń gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá ó bá ti iṣẹ́ yín mu.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Mówé, ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ àbúrò yín lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ẹ gbéra síṣẹ́ láti ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì padà síbẹ̀ lálẹ́. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ lọ, kí òun náà wọkọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ owó tí ẹ san àti aago tí ẹ dé sínú ìwé kékeré, kí ẹ jọ kà á kí ẹ tó sùn.