Ṣé dandan ni kí a yí fíìmù sinimá 35mm padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù?

Kì í ṣe dandan, bí ẹ bá ti jọ fẹnu kò, tí ẹ sì kọ ọ́ sára agolo pé ìparí ló wà níta. Etí fíìmù ló jẹ mí lógún jù. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ òwú tọ́ ọ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó bá ti kọ́ ìbọ̀wọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn ihò etí fíìmù ti ya níbẹ̀. Téèpù fíìmù ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe sẹlotéèpù, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìpele tó tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé àwòrán dànù: 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí olúkúlùkù bá gé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa já lẹ́nu òṣèré. Ìbàjẹ́ tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi sínú agolo fún ará Ṣàgámù.