Nọ́ńbà Fọ́tò Mi Padà Sí 0001: Kí Ló Ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ya fọ́tò, kò tíì pẹ́ tí mo gba fúrídọ̀mù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ya ìgbéyàwó kan ní Alágbàká, Canon ni kámẹ́rà àwa méjèèjì. A dé gbọ̀ngàn àríyá ni nọ́ńbà fọ́tò mi kúrò ní IMG_9999, ó bọ́ sí IMG_0001. Nígbà tí mo wá ń kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ̀ọ̀pù, ó ń bi mí bóyá kí òun fi èyí rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ti fi nọ́ńbà àwọn tó fẹ́ sínú álíbọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n IMG_0412 jẹ́ méjì lọ́wọ́ mi. Ó tún ní àwọn nọ́ńbà kan fò, pé kí n kó fọ́tò tí mo fi pamọ́ jáde. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sì máa ń pariwo pé mo ń wo ojú kámẹ́rà, ibi tí fọ́tò ti ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, jù. Ṣé kò yẹ kéèyàn máa wò ó ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́, o sì kú oríire fúrídọ̀mù.

Orí láptọ̀ọ̀pù ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ó bá tún bi ọ́ bóyá kó rọ́pò fáìlì, má gbà fún un. Èyí tó ń bọ̀ á gba ipò èyí tó wà níbẹ̀, o ò sì ní rí i kó jáde nínú Recycle Bin. Ṣí fólídà kan fún kámẹ́rà tìrẹ, ṣí òmíràn fún ti ọ̀rẹ́ rẹ, kí o wá tún gbogbo rẹ̀ kó láti inú káàdì kálukú. Ká tiẹ̀ ní o ti gbà kó rọ́pò, kò tíì bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì fọ́mààtì àwọn káàdì náà, ìyẹn ni kí ẹ nu gbogbo ohun inú wọn kúrò. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n títí gbogbo fọ́tò yóò fi wà níbi méjì, lórí láptọ̀ọ̀pù àti lórí hard disk mìíràn.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo so pọ̀ nínú ìbéèrè rẹ. Ti 0001 yẹn, kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà rẹ. IMG_0412 tó di méjì, kámẹ́rà ọ̀rẹ́ rẹ ló fà á: tirẹ̀ náà ya 0412 lọ́jọ́ yẹn, IMG_ sì ni kámẹ́rà méjèèjì ń kọ ṣáájú nọ́ńbà.

Ọdún 1998 ni ìlànà kan jáde ní ilẹ̀ Jàpáàn tí wọ́n ń pè ní DCF, kí fọ́tò tí kámẹ́rà kan yà lè ṣeé ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn. Òun ló fà á tí fólídà DCIM fi wà nínú káàdì gbogbo wa, ì báà jẹ́ Canon, Nikon tàbí Sony lò ń lò. Ìlànà yìí kan náà ló ní kí orúkọ fọ́tò jẹ́ àmì mẹ́jọ: mẹ́rin àkọ́kọ́ bíi IMG_ tàbí DSC_, mẹ́rin tó kù jẹ́ nọ́ńbà láti 0001 dé 9999. Kò sí àyè fún 10000. Bí kámẹ́rà bá ti dé 9999, á ṣí fólídà tuntun nínú DCIM, á kúrò ní 100CANON, á bọ́ sí 101CANON, á sì bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Fún ìdí èyí, fólídà DCIM lódindi ni kí o máa kó. Má ṣe da ohun inú àwọn fólídà kéékèèké náà pọ̀ sójú kan.

Ibí yìí ni kí n ti sọ fún ẹ̀yin tó ń ra kámẹ́rà tòkunbọ̀: bí ẹni tó ń tà á bá ní “wo nọ́ńbà rẹ̀, kò tíì ya ju igba fọ́tò lọ”, ẹ má gbà á gbọ́. Kámẹ́rà tó ti ya ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lè máa kọ 0200 lójú. Iye ìgbà tí shutter (ilẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) ti ṣí kò sí nínú orúkọ fọ́tò, ibòmíràn ni wọ́n ti ń wò ó.

Lọ sínú mẹ́nù kámẹ́rà rẹ, wá File numbering, kí o rí i pé Continuous ló wà. Nikon ń pe tirẹ̀ ní File number sequence, On ni kí ó wà. Ti Sony, Series. Bí ó bá jẹ́ Auto reset lo fi sí, gbogbo ìgbà tí o bá pààrọ̀ káàdì ni yóò máa padà sí 0001, láàárín òde kan ṣoṣo lo sì lè ní IMG_0050 mẹ́ta. Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà tẹ̀ léra: kí èèyàn yá káàdì tí fọ́tò ẹlòmíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà inú káàdì yẹn bá ju tìrẹ lọ, kámẹ́rà rẹ lè bá tiẹ̀ lọ. Káàdì tó ṣófo, tí o fọ́mààtì nínú kámẹ́rà tìrẹ gan-an, ni kí o máa gbé lọ sóde.

Tí ẹ̀yin méjì bá tún máa jọ ṣiṣẹ́, ẹ ṣe aago kámẹ́rà méjèèjì kí wọ́n bára mu kí ẹ tó kúrò nílé. Ìpínlẹ̀ àkókò tiwa jẹ́ UTC+1 (wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé), a kì í sì í yí aago padà láàárín ọdún, torí náà daylight saving gbọ́dọ̀ wà ní Off. Àkókò tí o ya fọ́tò wà nínú fáìlì rẹ̀, kì í bá nọ́ńbà yí padà. Lórí láptọ̀ọ̀pù, ẹ fi àkókò to fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, ẹ yọ àwọn tí kò dára kúrò, kí ẹ wá fún gbogbo èyí tó kù ní orúkọ tuntun láti 0001 dópin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oníbàárà tó gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà kankan. Nọ́ńbà kámẹ́rà wà fún kámẹ́rà, ẹ má fi ṣòwò. Nikon gbà kí o yí àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ fọ́tò padà sí ti orúkọ ara rẹ, àwọn Canon ńlá kan náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí tìrẹ bá gbà, ṣe é.

Fún ìyàwó yìí, fi 0412 méjèèjì ránṣẹ́ kí ó fọwọ́ sí èyí tó fẹ́. Fi wọ́n ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, torí bí o bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, fóònù rẹ̀ lè yí orúkọ wọn padà sí IMG tó ní WA nínú, ọ̀rọ̀ á tún dàrú. Ní ti nọ́ńbà tó fò, sọ òótọ́ fún un: gbàrà tí o bá tẹ bọ́tìnnì ni fọ́tò ti gba nọ́ńbà, bí o bá sì pa á rẹ́, kámẹ́rà kì í fún òmíràn ní nọ́ńbà yẹn.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí wíwò. Kí èèyàn tẹrí ba lẹ́yìn gbogbo fọ́tò láti wo bó ṣe rí, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pàdánù. Ìyá ìyàwó á ti nu omijé rẹ̀ tán kí o tó gbójú sókè. Nígbà tí tọkọtaya bá kúnlẹ̀ fún àdúrà, tí wọ́n bá ń fi òrùka sọ́wọ́, tí wọ́n bá ń náwó fún wọn lójú agbo, má wo ojú kámẹ́rà rárá. Bí kámẹ́rà rẹ bá jẹ́ mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú), fi Image review sí Off, torí fọ́tò tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lè yọ sójú ibi tí ò ń wò, kí o má sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bátìrì náà á sì pẹ́ sí i.

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà ló yẹ kí o wò. Ẹ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì sínú oòrùn ọ̀sán, ya ẹyọ kan, kí o wò ó. Ẹ wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n tan iná aláwọ̀ pọ́pù àti búlúù sí, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Má sì fojú lásán dájọ́, nítorí ojú kámẹ́rà ń tanni. Nínú oòrùn, fọ́tò máa ń dà bíi pé ó ṣókùnkùn, o ó wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un kọjá bó ṣe yẹ. Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, ó máa ń dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o tó délé kí o rí i pé ó dúdú. Histogram (àwòrán tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò) ni kí o wò, kí o sì tan Highlight alert, kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù máa ṣẹ́jú sí ọ. Bí agbádá funfun bàbá ìyàwó tàbí léèsì àwọn ìyá bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ yẹn ti fẹ́ lọ. Fa exposure compensation (ibi tí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí dín in kù) wálẹ̀ díẹ̀, kí o tún un yà. Bí ó bá jẹ́ àtùpà tó ń ṣẹ́jú, fi í sílẹ̀. Kódà bí RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) lò ń yà, JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti tún ṣe tán) kékeré inú rẹ̀ ni histogram ń kà, nítorí náà àyè díẹ̀ ṣì lè wà fún ọ ju bó ṣe fi hàn lọ.

Fọ́tò ẹbí ni mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí wọ́n bá ti tò tán, ya bíi mẹ́rin tẹ̀ léra, sọ fún wọn pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kúrò”, kí o wá sún un mọ́ra láti wo ojú kálukú láti ọ̀tún dé òsì. Bí ẹnì kan bá dijú nínú gbogbo wọn, ibẹ̀ náà ni kí o ti tún un yà, torí àwọn tó wá láti Oǹdó àti Ìdànrè lè ti bọ́ sí mọ́tò kí o tó tún rí wọn.

Má sì pa nǹkan kan rẹ́ lójú agbo. Ojú kámẹ́rà kéré, fọ́tò tí o rò pé kò dára lè jẹ́ kìkì ibi tí ìyá àgbà ti rẹ́rìn-ín. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ nígbà oúnjẹ, fi Rating sàmì ìràwọ̀ sára àwọn tó wù ọ́. Ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe ló ń ka ìràwọ̀ yẹn, àwọn ni wàá sì kọ́kọ́ ṣí bí o bá délé.