PHA fún ẹ̀rọ amóníà: ẹ kọ́kọ́ kúrò nínú ọ́fíìsì ná

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ dáadáa lórí PHA (process hazard analysis), ìyẹn àyẹ̀wò ewu tí ẹ ń ṣe fún ẹ̀rọ ìtutù yín tó ń lo amóníà. O ní consultant kan gbé ìwé What-if (àwọn ìbéèrè pé "tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?") tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá fún yín, pé kí ẹ máa kà á kí ẹ máa maaki, ọjọ́ méjì ẹ ti parí, o wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ti tó fún ẹ̀rọ amóníà tó tóbi tó báyẹn, àbí HAZOP, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ wò ní apá kọ̀ọ̀kan láti wá ibi tó ti lè yà kúrò ní bó ṣe yẹ, ló yẹ kí ẹ ṣe. Mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti jókòó sí PHA tó dáa, mo sì ti jókòó sí èyí tí mò ń kábàámọ̀ títí dòní, torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kì í ṣe orúkọ ọ̀nà tí ẹ bá lò ni wàhálà ibẹ̀. Òfin OSHA, àjọ ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 1992, èyí tó de ilé-iṣẹ́ tí amóníà ẹ̀ bá tó 10,000 pọ́ùn, ó gba What-if, ó gba checklist, ó gba HAZOP, ó gba àwọn ọ̀nà míì bíi FMEA àti fault tree, èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu ni kí ẹ mú. Èmi fúnra mi, What-if ni mo máa ń lò jù, ibi tó bá díjú bíi hot gas defrost (fífi gáàsì gbígbóná yọ́ yìnyín ara coil, ìyẹn àwọn páìpù tó ń mú yàrá tutù) ni mo máa ń lo HAZOP fún. Ibi tí ìwé tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ ti ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹ̀rọ tó ń lọ geere ló ń bi yín nípa ẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, gbogbo ibi tí ojú mi ti rí i tí amóníà ṣe èèyàn léṣe, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan ni, tàbí iná lọ tó tún dé, tàbí wọ́n ń fa ọ́ìlì, tàbí wọ́n ṣí páìpù kan láti tún un ṣe. Àwọn àsìkò yẹn gan-an ni ìwé ọlọ́jọ́ méjì máa ń fò kọjá.

PHA tí mo ní mò ń kábàámọ̀ ẹ̀ yẹn, ọ́fíìsì la ti ṣe é, AC ń fẹ́, àwòrán P&ID (èyí tó ń fi páìpù àti fáàfù ẹ̀rọ hàn) wà lórí tábìlì, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti yà á, wọ́n sì ti gé páìpù wọ́n ti so páìpù lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, o mọ̀ pé ọ́ìlì compressor (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀) máa ń bá gáàsì jáde díẹ̀díẹ̀, kì í pò mọ́ amóníà olómi, ó sì wúwo jù ú lọ, torí náà ìsàlẹ̀ vessel (táǹkì amóníà) ló máa ń lọ jókòó sí tí èèyàn á fi wá fa á jáde, ìbéèrè inú ìwé ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí amóníà bá tẹ̀lé ọ́ìlì jáde. Ìdáhùn tí a kọ ni pé òṣìṣẹ́ ti gba training, ó sì ń wọ máàsìkì. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí a fi kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo àwa tí a jókòó, kò sí ẹni tó ti fa ọ́ìlì rí láàárín ọdún kan, ẹni tó ń fa á gan-an, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ilé ló wà tó ń sùn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ lóru. Ọ́ìlì inú vessel tó tutù máa ń ki gan-an, ó ṣí fáàfù, nǹkan ò jáde, ó tún ṣí i sí i, nǹkan ò jáde, ó tún ṣí i, àfi ìgbà tí ọ́ìlì tó dí ọ̀nà yẹn já lẹ́ẹ̀kan náà, amóníà olómi sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Fáàfù tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí ni, èèyàn gbọ́dọ̀ yí i lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dé, ojú ibi tí amóníà sì ti ń tú jáde ni ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láti tì í. Kò lè dúró. Máàsìkì tó wọ̀, èyí tó ní kátíríìjì ni, ìyẹn kì í ṣe fún irú amóníà tó pọ̀ báyẹn rárá, 300 ppm (ìdá 300 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́) péré ni NIOSH, àjọ ìwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ sílẹ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ti wà nínú ewu, inú yàrá tí amóníà olómi ti tú jáde sì máa ń kọjá ìyẹn kíákíá. Súìṣì emergency wà nínú machine room (yàrá ẹ̀rọ) kan náà, king valve (fáàfù ńlá tí wọ́n fi ń dá amóníà olómi dúró) wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, torí náà ẹni tó bá máa pa ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún padà wọ inú amóníà lọ. Ọ̀gbẹ́ni yẹn lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Títí di òní, tó bá gun àtẹ̀gùn àjà kan, ó gbọ́dọ̀ dúró mí.

Mo sọ èyí fún ẹ torí kó o lè rí i pé gbogbo nǹkan tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá jẹ́ pé a bá a lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, àá ti rí i. Àá ti rí i pé fáàfù yẹn kì í padé fúnra ẹ̀. Ní báyìí, fáàfù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan tí wọ́n ń yí, ìkejì onísípíríǹgì, tó o bá ti ju ọwọ́ sílẹ̀ ó ti dé pá, o ò gbọdọ̀ fi wáyà so ó (mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ó o, inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà). A sì fi oil pot (ìkòkò kékeré tí ọ́ìlì máa kọ́kọ́ dà sí) sí i: wàá ti ọ̀nà tó gba inú vessel bọ̀, wàá ṣí ọ̀nà tó lọ sí suction (ibi tí compressor ti ń fa gáàsì), amóníà tó wà nínú pot á hó lọ, yìnyín ara pot á yọ́ tán, ara pot á móoru padà, ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọwọ́ kan fáàfù ọ́ìlì. Èèyàn méjì ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, foonu ò gbọdọ̀ dún kó lọ gbé e. Súìṣì emergency ti wà níta lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkejì tó yẹ kí ẹ lo àkókò lé lórí ni ìgbà tí iná bá lọ tó bá dé. Ẹ wá ìwádìí CSB (àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà) lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Theodore, Alabama, ní oṣù kẹjọ 2010, ẹ kà á, kí gbogbo ẹni tó máa jókòó sí PHA kà á. Iná lọ níbẹ̀ fún wákàtí tó ju méje lọ, nígbà tó dé, ẹnì kan pa àláàmù rẹ́ nínú control system, coil kan tó wà lẹ́nu defrost, tí hot gas ṣì kún inú ẹ̀, bá fò padà sẹ́nu iṣẹ́ ìtutù tààrà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tú pírẹ́ṣọ̀ inú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáàsì gbígbóná tó ní agbára pàdé amóníà olómi tó tutù, gáàsì yẹn fún pọ̀ lójijì, olómi sì sáré kọlu páìpù bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù ńlá lù ú. Páìpù suction tó fẹ̀ tó ínǹṣì 12 ya lórí òrùlé. Amóníà tó ju 32,000 pọ́ùn lọ jáde. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí, àwọn tó wá ń palẹ̀ epo tó dà sínú Gulf of Mexico mọ́, èèyàn tó lé ní 150 ló fà á símú, mẹ́rin nínú wọn dé ICU.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kò sí nǹkan kan tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí. Nígbà tí mo kà á tán, mo lọ bi ẹni tó kọ program tiwa, mo ní tí iná bá lọ láàárín defrost, tó bá dé, ibo ni coil ti máa bẹ̀rẹ̀? Ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìbẹ̀rẹ̀ ìtutù ló máa ń padà sí, gẹ́lẹ́ bíi ti Alabama! A ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń gbọ́ kí páìpù dún gbì lórí àjà a ó ní ó ti mọ́ ọn lára. Ìró yẹn, àbúrò, tí ẹ bá ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sínú PHA lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ pé páìpù wo ló máa ń dún, ìgbà wo, hanger (irin tó gbé páìpù dúró) wo ló ti wọ́. Ẹ sì bèèrè pé ta ni password lè jẹ́ kó fò kọjá bleed (títú pírẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) nígbà tí ọ̀gá bá ń pariwo pé ọjà ń yọ́, torí ojú gbígbóná báyẹn ni àṣìṣe ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Amóníà olómi tó há sáàárín fáàfù méjì náà ńkọ́. Ó máa ń wú tó bá ń móoru, tí páìpù bá sì kún dẹ́nu tí kò sí àyè fún un, pírẹ́ṣọ̀ á gòkè débi tí páìpù tàbí fáàfù á fi bẹ́. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí lẹ́nu, ohun tí wọn kì í rántí ni pé solenoid (èyí tí iná ń ṣí tó ń tì) tó ti dé jẹ́ fáàfù, check valve (èyí tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣàn padà) náà jẹ́ fáàfù, torí náà òṣìṣẹ́ lè yí fáàfù ẹyọ kan ṣoṣo pẹ̀lú ọwọ́ kó sì ti há a mọ́ láìmọ̀. Ẹ gbé àwòrán dání, ẹ fi biro aláwọ̀ pupa kun gbogbo ibi tí olómi lè há sí, lẹ́yìn náà ẹ lọ wò ó bóyá relief valve (fáàfù tó ń tú pírẹ́ṣọ̀ tó bá pọ̀ jù sílẹ̀) wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín nínú ìpàdé pé amóníà fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, pé òkè ló máa gbà lọ. Gáàsì ẹ̀ fúyẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí olómi tó wà lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀ bá tú jáde, kùrukùru funfun tó kún fún ẹ̀kán kéékèèké tó tutù ló máa jẹ́, ilẹ̀ nílẹ̀ ló máa rá lọ, á wọ kòtò, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú PHA pé ó máa gòkè lọ, ibi tí ẹ ní kí àwọn èèyàn sá gbà lè jẹ́ ibi tó ń bọ̀ gan-an. Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da omi sí amóníà olómi tó ti dúró nílẹ̀, ṣe ló máa jẹ́ kó hó sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀rọ tàwọn kéré, kò kan àwọn. Ní Fernie, British Columbia, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ní oṣù kẹwàá 2017, ibi ìṣeré orí yìnyín lásán ni, páìpù inú chiller (ibi tí amóníà ti ń mú omi iyọ̀ tutù) ń jò, amóníà ń wọ inú brine, ìyẹn omi iyọ̀ náà, wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún dá chiller náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta ló kú. Kí PHA yín ní ìbéèrè kan tó dá lórí èyí nìkan: tí a bá rí i lónìí pé nǹkan ń jò, ta ló ní àṣẹ láti pa á, ṣé ó lè pa á láìbẹ̀rù pé wọ́n á lé òun?

Àwọn tó kù mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ yọ insulation níbi mélòó kan kí ẹ wo ara páìpù lábẹ́ ẹ̀, ní pàtàkì níbi tó máa ń yọ́ tó tún máa ń dì, ìpẹtà ibẹ̀ kì í hàn síta. Ẹ wo ibi tí forklift lè ti kọlu coil. Ẹ wo relief valve, ọjọ́ wo ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ibo ni ẹnu páìpù ẹ̀ dojú kọ, ṣé kì í ṣe ibi tí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ohun èlò brass tàbí kópà sí i.

Ọ̀rọ̀ safeguard (ohun tí wọ́n kọ pé ó máa dènà ewu) ló kù, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn consultant jà. Tí wọ́n bá kọ àláàmù sílẹ̀, mo máa ń bèèrè pé ta ló máa gbọ́ ọ ní aago mẹ́ta òru, ìṣẹ́jú mélòó ló ní kí nǹkan tó bàjẹ́, kí ló máa fọwọ́ kàn, ṣé ibi tó máa fọwọ́ kàn yẹn ò sí nínú gáàsì. Tí kò bá sí ìdáhùn, a máa fa igi lé e. Tí wọ́n bá kọ training nìkan, a máa fa igi lé e pẹ̀lú. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́ tó máa parí, torí òfin yẹn ní kí ẹ tún PHA yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo sì ti ṣí èyí tó jẹ́ pé àtúnṣe ọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Torí náà, ọjọ́ méjì ò tó. Sọ fún wọn pé o fẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ máa fi tẹ̀lé páìpù pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó rárá, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru wà nínú ìpàdé, kí wọ́n sì sanwó wákàtí yẹn fún un. Lálẹ́ òní, tó o bá lè ṣe é, lọ wo fáàfù tí ẹ fi ń fa ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí nìkan ló wà níbẹ̀, má dúró de PHA kankan, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún fa ọ́ìlì níbẹ̀. Ya fọ́tò ẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ẹ wò ó.