Ìwé ṣíà Portland Paints tí bàbá fi sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ náà ò kógbá sílé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ béèrè láti Ìsánlú. Ẹ kú ará fẹ́ra kù bàbá. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: ẹ bá sàtífíkéètì méjì nínú àpótí bàbá yín tó jẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan jẹ́ ti Portland Paints, 4,000 ṣíà. Èkejì jẹ́ ti CAP (Chemical and Allied Products), ilé-iṣẹ́ pẹ́ńtì bíi Portland, ìwé náà ti pẹ́ débi pé etí rẹ̀ ti ń já. Ẹnì kan ní Kàbà wá sọ fún yín pé Portland ti kú, pé kẹ́ ẹ fi ìwé yẹn dáná. Ẹ ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá Dulux tẹ́ ẹ gbọ́ pé ó ra Portland á sọ yín dolówó.

Ẹ má fi dáná o. Portland ò kógbá sílé, ńṣe ló dà pọ̀ mọ́ CAP ní oṣù Keje ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ tó bá kógbá sílé, àwọn tó jẹ lówó ló máa kọ́kọ́ pín ohun tó kù, ẹni tó ní ṣíà sì lè má rí kọ́bọ̀. Èyí tó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹni tó gbà á ló gba ohun ìní àti gbèsè rẹ̀ lápapọ̀, ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba nǹkan dípò tiẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n ní kí àwọn oníṣíà Portland mú ọ̀kan nínú rẹ̀: ₦2.90 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, tàbí ṣíà CAP tuntun 1 fún ṣíà Portland 8. Fún 4,000 bàbá yín, ìyẹn á jẹ́ ₦11,600 tàbí 500 ṣíà CAP. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kò lè sọ èwo ni wọ́n kọ sí orúkọ wọn, inú ìwé registrar, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣíà, ni ìyẹn wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi registrar nìyẹn, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ fún lọ́yà kankan.

Ní ti Dulux, Dulux kì í ra ilé-iṣẹ́. Orúkọ pẹ́ńtì ni. Ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín látijọ́. AkzoNobel ti ilẹ̀ Netherlands ra ICI ní 2008, orúkọ náà sì bá a lọ. Kódà kì í ṣe ibi gbogbo ni Dulux ti jẹ́ ti AkzoNobel: ní Australia, Nippon Paint ti Japan ló ra DuluxGroup ní 2019, ní Canada, PPG ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbà á ní 2013 nígbà tí AkzoNobel ta iṣẹ́ pẹ́ńtì ilé tó ní lágbègbè yẹn. Ní Nàìjíríà, CAP ló ń po Dulux lábẹ́ ìwé àṣẹ tí AkzoNobel fún un. CAP fúnra rẹ̀, UAC ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíà rẹ̀. UAC yìí kan náà ló ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú Portland láti 2013. Nítorí náà abẹ́ òrùlé olówó kan ni méjèèjì ti ń sùn kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Bí AkzoNobel bá rà tàbí tà lókè òkun, kò fi kọ́bọ̀ kún tiyín. Èrè CAP ní Nàìjíríà àti iye tí wọ́n ń ná ṣíà CAP lọ́jà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ìwé CAP àtijọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù. Ọmọ ICI ni CAP látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin 1972 àti ti 1977 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta lára ṣíà wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú ló ra díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú oṣù Kẹjọ 1991, “Kwara State” ni ẹ máa rí níbẹ̀, torí Kwara la wà kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gègé pa á rẹ́ láti kọ Kogi sí i. Sàtífíkéètì tí wọ́n bá ti fi gègé kàn, wọ́n á kà á sí ayédèrú. Ẹ má sì lámínéètì rẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ wọnú pépà, èyí tí ìka máa ń mọ̀ lára bó ṣe ga díẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀, ike á sì bò ó. Ẹ má sì ka iye ṣíà tó wà lórí pépà sí gbogbo iye tí bàbá ní. Ilé-iṣẹ́ lè ti fún àwọn oníṣíà ní ẹ̀bùn ṣíà láti ìgbà yẹn wá, kí ìwé tuntun má sì dé Ìsánlú rí.

Ó wá kan ibi tó ń ya ènìyàn ní wèrè, ìyẹn Letter of Administration, ìwé tí kóòtù fi ń fún ẹbí láṣẹ lórí ogún olóògbé, ní Probate Registry, kóòtù gíga Lọ́kọ́jà. Bí bàbá bá kọ ìwé ìhágún, probate, ìwé tí kóòtù fi ń fìdí ìwé ìhágún múlẹ̀, ni ẹ máa gbà. Bí wọn ò bá kọ ọ́, Letter of Administration ni. Kò sí registrar tó máa fi ṣíà olóògbé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì. Lẹ́tà ọba kò lè dípò rẹ̀, ìpinnu ìpàdé ẹbí kò lè dípò rẹ̀, àfidáfíìtì nìkan kò lè dípò rẹ̀.

Orúkọ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Registrar máa gbé orúkọ inú ìwé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ inú Letter of Administration, á sì fi wọ́n wéra lẹ́tà sí lẹ́tà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Olorunfemi lè wà lórí sàtífíkéètì, kí ìwé ikú kọ Orunfemi. Sàtífíkéètì àtijọ́ lè gbé lẹ́tà méjì kúkúrú fún orúkọ ìsàmì, kí káàdì ìdánimọ̀ kọ ọ́ gùn. “Chief” tàbí “Elder” lè wọ ọ̀kan kó má sí nínú èkejì. Lójú yín ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà l'Ékòó, ènìyàn méjì ni. Ó nídìí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá fi ṣíà òkú fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ni wọ́n máa fi owó wọn dí i, ìwé kóòtù ayédèrú sì wà nígboro.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè ní kóòtù, ẹ da gbogbo ìwé bàbá sílẹ̀: sàtífíkéètì méjèèjì, ìwé èrè ṣíà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ rí, ìwé báǹkì, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ikú. Gbogbo bí orúkọ ṣe yàtọ̀ síra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, àṣìkọ àti gbogbo rẹ̀. Kí lọ́yà wá fi gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè pé olóògbé lágbájá, tí wọ́n tún mọ̀ sí báyìí àti báyìí. Kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lójú Letter of Administration fúnra rẹ̀, kó má jókòó sínú fáìlì kóòtù nìkan. Àwọn akọ̀wé kóòtù ò ní rán yín létí. Wọ́n á gba fọ́ọ̀mù, wọ́n á gba owó, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ọjọ́ tí registrar bá dá ìwé padà ni wọ́n á tó ní ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe lẹ́yìn òǹtẹ̀ á tún gba ìwé ìbéèrè tuntun, owó tuntun, ìdúró tuntun níwájú adájọ́ tí kò sí lórí ìjókòó. Ó máa ń dùn mí, torí ìlà kan péré ni ì bá gbà wọ́n láti kọ ọ́ sí ojú pátákó: ẹ mú gbogbo orúkọ olóògbé wá.

Nǹkan kejì tó máa ń dá ìwé padà ni àkọsílẹ̀ ohun ìní. Ṣíà tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, Letter of Administration yín kò ní agbára lórí rẹ̀. Ìdàpọ̀ 2021 sì ti fi ìdẹkùn kan síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ “Portland Paints, 4,000” nìkan, ẹni tó ń bójú tó ìwé CAP lè ní òun ò mọ Portland. Bí ẹ bá kọ CAP nìkan, sàtífíkéètì ọwọ́ yín kò bá a mu. Ẹ kọ méjèèjì pọ̀: ṣíà 4,000 nínú Portland Paints and Products Nigeria Plc, tó ti dà pọ̀ mọ́ Chemical and Allied Products Plc, pẹ̀lú ṣíà CAP tàbí owó tó dípò rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà sàtífíkéètì. Kí ìwé CAP àtijọ́ ní ìlà tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi kún un pé “àti gbogbo ẹ̀bùn ṣíà àti èrè tí a kò tíì gbà lórí wọn.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀.

Owó kóòtù máa ń tẹ̀ lé iye ogún. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kankan méfò iye ṣíà fún yín. Iye tí wọ́n ń ná an ní Nigerian Exchange, ọjà ṣíà, ni kí wọ́n lò, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ mú un lọ. Owó tẹ́ ẹ bá san, àpò ìjọba ni kó lọ, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Wọ́n á tún béèrè ìwé ikú láti ọ̀dọ̀ National Population Commission, àwọn oníduró méjì, fọ́tò, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìkéde bóyá ẹnì kan á tako o. Ẹ má fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ bí olùdarí ogún. Ẹ mú ẹni méjì tí àárín wọn gún, torí gbogbo fọ́ọ̀mù tó kù ni àwọn méjèèjì máa jọ fọwọ́ sí. Kí NIN, BVN àti orúkọ àwọn náà bára mu, kí ìyà bàbá má tún padà jẹ ọmọ. Ẹ sì bi registrar ṣáájú bóyá wọ́n máa fẹ́ kí kóòtù Èkó tún fi èdìdì tirẹ̀ sí ìwé Lọ́kọ́jà, torí àwọn kan máa ń béèrè.

Bí ìwé bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí bíi mélòó kan. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ má fi ojúlówó rán awakọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ojúlówó, kí ọ̀kan nínú yín gbé e lọ fúnra rẹ̀, kó sì gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn gbà á.

Ìyókù rọrùn. Registrar á gbé ṣíà sí orúkọ ẹ̀yin olùdarí ogún, stockbroker (ẹni tó ń báni ra ṣíà tàbí tà á) á ṣí àkáǹtì CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà sí lórí kọ̀ǹpútà, fún yín, á sì kó o síbẹ̀. Ẹ lè tà á, ẹ sì lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ gba fọ́ọ̀mù e-dividend, kí báǹkì lu òǹtẹ̀ sí i, kí èrè tó ń bọ̀ lè máa wọ báǹkì tààrà.

Ẹ má gbàgbé èrè àtẹ̀yìnwá, ó lè ju iye ṣíà náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo èrè tí bàbá ò gbà jáde, lọ́dọọdún. Wọ́n máa ti yọ owó orí 10% nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní èyí tó ti lé ní ọdún 6 ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba, òótọ́ ni òfin Finance Act 2020 ní kó lọ sínú àpò kan tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, ṣùgbọ́n òfin náà kà á sí gbèsè tí ìjọba jẹ ẹni tó ni ín, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹni tó bá ní ó ti ṣòfò ń tàn yín.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa ní àwọn mọ ẹnì kan l'Ékòó, kẹ́ ẹ sáà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù òfìfo, kẹ́ ẹ wá pín in lọ́gbọọgba. Fọ́ọ̀mù ìyípadà ṣíà tí a fọwọ́ sí láìkọ orúkọ ẹni tó ń gbà á, owó tí kò ní olówó ni. Níwọ̀n ìgbà tí mo sì ti ń kìlọ̀: àwọn kan ní ìsọ̀ pẹ́ńtì ń lo ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ yìí láti ta bákẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́, wọ́n á ní “ti Portland àtijọ́ ni, ó dára ju ti ìsinsìnyí lọ.” Sandtex, pẹ́ńtì tí Portland ń pò tẹ́lẹ̀, ò parẹ́, CAP ló ń po ó báyìí. Pẹ́ńtì olómi tó ti wà nínú bákẹ́ẹ̀tì láti ṣáájú ìdàpọ̀ ti kọjá ìgbà tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kòkòrò ti jẹ ẹ́ nìyẹn, bó bá sì dì gbágbágbá tí igi ò lè pò ó, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Bí ẹ bá kùn ún, á ṣí bí èèpo.

Bí registrar ò bá dá lẹ́tà yín lóhùn, ẹ kọ òmíràn sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ CAP, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ìyẹn náà bá dákẹ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà. Lórí fóònù, ẹ̀jẹ́ lásán ni ẹ máa gbọ́, torí náà kí gbogbo ọ̀rọ̀ yín wà lórí pépà tó ní déètì. Àdírẹ́sì registrar máa wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún CAP tó jáde kẹ́yìn. Ẹ má lo èyí tó wà lẹ́yìn sàtífíkéètì bàbá, torí àwọn registrar náà ti ń yí orúkọ àti ọ́fíìsì padà láti ìgbà yẹn.