"Já sí pàbó": ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú asán, òfo àti àṣedànù?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní tí ìròyìn bá sọ pé "ìsapá àwọn agbófinró já sí pàbó", ṣé èèyàn lè fi asán tàbí òfo rọ́pò pàbó níbẹ̀? Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ibi tí kinní yẹn ti dàrú ló fi ń mọ èyí tó máa lò.

Pàbó, ìgbìyànjú ló ni ín. Èèyàn ti pète, ó ti náwó nára, ó ń retí pé á bọ́ sí i, kò wá bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí "já sí" kì í fi í jìnnà sí i: ìpàdé já sí pàbó, ìwádìí já sí pàbó, gbogbo bó ṣe sáré físà yẹn pàbó ló já sí. Mi ò tíì gbọ́ àpò pàbó rí, àpò òfo la máa ń sọ, torí òfo ni nǹkan tí ò ní nǹkan kan nínú, bíi ti ẹni tó lọ yá owó tó padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹ jọ̀ọ́, òfo kọ́ ni òfò o! Òfò ni àdánù, òun la fi ń ṣàdúrà pé a ò ní fi ọmọ ṣòfò.

Asán ní tiẹ̀, ó ti ṣófo látìbẹ̀rẹ̀ ni: ìlérí asán, ọ̀rọ̀ asán, làálàá asán. Ìwé Oníwàásù 1:2 nínú Bíbélì ló jẹ́ kó mọ́ gbogbo wa lẹ́nu, "asán inú asán" ló wà níbẹ̀, àwa la sọ ọ́ di "asán lórí asán". Tẹ́nì kan bá wá fẹ́ kó dunni wọra, á fi òtúbáńtẹ́ tì í lẹ́yìn.

Èyí táwọn èèyàn ń ṣì lò jù ni àṣedànù. Ẹ wo àgbẹ̀ tó gbin tòmátì tójò dá, tí gbogbo ẹ̀ gbẹ mọ́lẹ̀, wàhálà ẹ̀ já sí pàbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí tòmátì yẹn bá so wọ̀ǹtì-wọnti, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, mọ́tò wá bà jẹ́ lọ́nà, oòrùn ń pa á, omi ẹ̀ ń ṣàn jáde, nígbà tó fi máa dọ́jà ẹni tó máa fọwọ́ kàn án ò sí, a ò lè sọ pé oko ẹ̀ já sí pàbó torí oko so, iṣẹ́ àṣedànù ló ṣe. Tíṣà tó kọ́ ọmọ yege tí wọn ò sanwó fún, àṣedànù náà ni. Iṣẹ́ délẹ̀, èrè ni ò délé.

Aláìléso ńkọ́? Igi ló ni ín, àwọn oníwàásù náà sì máa ń lò ó fún ìgbàgbọ́ tí ò hàn nínú ìwà. Ẹ má fi pe èèyàn, pàápàá obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, èébú burúkú ni.